Residency ìbísí ẹṣin: ṣé ohun tó ń fúnni tó ọdún tó ń gbà?

Dókítà ẹranko tó bá fẹ́ yan ibi tó ti máa kọ́ iṣẹ́ ìbísí ẹṣin sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ: yunifásítì wo ni, ọ̀jọ̀gbọ́n wo ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni iye abo ẹṣin tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójúmọ́ nígbà tí àsìkò ìbísí bá gbóná, àti ọwọ́ ẹni tó ń wọ inú wọn fún àyẹ̀wò, bóyá ọwọ́ ọ̀gá ni tàbí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. A yẹ gbogbo ọ̀nà náà wò níbí, láti yunifásítì dé ìdánwò ìkẹyìn, títí kan àwọn ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí àwọn kan ń fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìdájọ́ wa ṣáájú: residency tó dáa, ìyẹn ọdún mélòó kan tí dókítà ẹranko fi ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn amọ̀ṣẹ́ àgbà, tó ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Èyí tí abo ẹṣin ò pọ̀ níbẹ̀ kò tó o, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó.

Yunifásítì la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 5 tàbí 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 4 ni, àmọ́ ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan ní yunifásítì ṣáájú ni wọ́n ń gbà. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ẹṣin kò ju ọ̀kan lára àwọn ẹran tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, ìbísí sì jẹ́ apá kan péré nínú ìmọ̀ ẹṣin. Ohun tó máa mú kúrò níbẹ̀ ni ìmọ̀ orí ìwé: pé nǹkan bí ọjọ́ 21 tàbí 22 ni abo ẹṣin fi ń yípo, pé ọjọ́ 5 sí 7 ló fi ń wá akọ nínú rẹ̀, pé ẹyin sábà máa ń jáde ní ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó ṣíwọ́ wíwá akọ, pé oyún rẹ̀ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 340. Láìsí ìmọ̀ yìí kò sẹ́ni tó lè ṣiṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ọwọ́ ní nǹkan kan.

Ẹ lo àǹfààní màlúù tí ilé ìwé bá ní dáadáa. Apá tó ti mọ́ wíwọ inú màlúù láti ìdí máa ń tètè gbọ́n nínú ẹṣin. Àmọ́ àṣà màlúù mẹ́ta wà tí ẹ gbọ́dọ̀ jù sílẹ̀. Ọrùn ilé ọmọ màlúù le, ó ṣeé dì mú láti inú ìfun ìdí nígbà tí a bá ń ti ọ̀pá àtọ̀ wọ inú rẹ̀. Ti abo ẹṣin tó ń wá akọ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ojú ara la sì ń gbà, ìka ọwọ́ la fi ń tọ́ ọ̀pá náà sọ́nà. Lára màlúù, corpus luteum, ìyẹn ẹran kékeré tó ń hù síbi tí ẹyin ti jáde, máa ń yọ gọnbu sójú ilé ẹyin, tí ìka á sì bá a. Ojú kan ṣoṣo ni ẹyin ẹṣin ń gbà jáde, ìyẹn ibi tó wọnú díẹ̀ lára ilé ẹyin, nítorí náà inú lọ́hùn-ún ni corpus luteum rẹ̀ ń wà. Ọwọ́ nìkan kò lè fi dá yín lójú, àfi kí ẹ fi sikáànù wò ó. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ìfun ìdí ẹṣin máa ń ya ju ti màlúù lọ. A ó padà sórí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, ọ̀pọ̀ residency ló ń béèrè ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn, tàbí ìrírí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kéré, òru rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ a fọwọ́ sí i, nítorí pé òru ni abo ẹṣin sábà máa ń bímọ. Látìgbà tí omi bá ti já, nǹkan bí 20 sí 30 ìṣẹ́jú ni ọmọ fi ń jáde. Bí awọ pupa tó rí bí aṣọ àrán bá yọ lójú ara dípò awọ funfun tó ń dán, ibi ti ń ya kúrò lára ilé ọmọ ṣáájú àsìkò nìyẹn, ọmọ kò sì rí afẹ́fẹ́ gbà mọ́. Orí fóònù ni dókítà ti gbọ́dọ̀ ní kí olówó ẹṣin la awọ náà lójú ẹsẹ̀, kó sì ran abo náà lọ́wọ́ láti fa ọmọ jáde. Bó bá ní kó dúró de òun, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkú ọmọ ló máa bá. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí di ohun tó ń jáde lẹ́nu láìronú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò lẹ́yìn ìbí: kí ọmọ dìde láàárín wákàtí 1, kó mu ọmú láàárín wákàtí 2, kí ibi jáde láàárín wákàtí 3. Tó bá di wákàtí 18 sí 24, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bóyá ààbò tó wà nínú wàrà àkọ́kọ́ wọ ara rẹ̀. IgG, ìyẹn èròjà ààbò náà nínú ẹ̀jẹ̀, tó tó 800 mg/dL tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ la fẹ́ rí.

Àbùkù ọdún ìkọ́ṣẹ́ ni pé àwọn ibì kan ń fi ọmọ iṣẹ́ ṣe ẹni tó ń di okùn orí ẹṣin mú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́.

Residency fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ọdún 2 sí 3 ló sábà máa ń gbà, lábẹ́ àwọn tó ti gba ìwé ẹ̀rí amọ̀ṣẹ́ àgbà. Ní Amẹ́ríkà, American College of Theriogenologists ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí náà, látọdún 1971 ló sì ti wà. Ní Yúróòpù, European College of Animal Reproduction ni. Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí títí ìdánwò á fi dé: ìdánwò ti Amẹ́ríkà kò mọ sórí ẹṣin nìkan. Màlúù, ajá, ẹlẹ́dẹ̀, àgùntàn, ewúrẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta gbáko dúró sídìí abo ẹṣin, tí kò fọwọ́ kan ajá tó lóyún tàbí akọ màlúù, máa jókòó síwájú ìbéèrè tí kò rí rí. Nítorí náà, residency tó dáa máa ń ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó fi ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹran yòókù. Bí ibi tí ẹ ń wò kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi àkókò ìsinmi yín dí i.

Ibi tí owó àti ọdún yẹn ti ń padà wá ni sísọ ìgbà tí ẹyin máa jáde. Nígbà tí abo bá ń wá akọ, àpò ẹyin tó tóbi jù máa ń dàgbà ní nǹkan bíi mílímítà 3 lójúmọ́. Bó bá tó mílímítà 35, tí ilé ọmọ sì ti wú, tó rí lójú sikáànù bí ọsàn tí a dá sí méjì, a lè gún un ní ògùn tó ń mú ẹyin jáde: hCG, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1,500 sí 2,500 IU, tàbí deslorelin. Ẹyin sábà máa ń jáde láàárín wákàtí 36 sí 48 lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tuntun máa ń ṣì í lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, á gún un nígbà tí àpò ẹyin ṣì kéré, tí wíwú kò sì tíì dé, abẹ́rẹ́ náà á sì lọ lásán. Èkejì, á rí i pé wíwú náà ti ń rọlẹ̀, á sì rò pé abo ti kúrò lórí wíwá akọ, bẹ́ẹ̀ ìrọlẹ̀ yẹn gan-an ni àmì pé ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Kí ẹ tún tẹ àpò ẹyin náà wò: tó bá ń rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń jò nínú rẹ̀, tí orí rẹ̀ sì ń ṣóńṣó sí ojú ibi tí ẹyin ń gbà jáde, àkókò kù díẹ̀.

Àṣìṣe yìí kì í náni bákan náà nínú gbogbo àtọ̀. Àtọ̀ tútù tí wọ́n fi ránṣẹ́ nínú àpótí lè dúró de ẹyin fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Èyí tó dì, tí wọ́n fi pa mọ́ sínú nítírójìn olómi, kì í pẹ́ rárá lẹ́yìn tó bá ti yọ́. Láàárín wákàtí 12 ṣáájú ìjáde ẹyin sí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀ la gbọ́dọ̀ fi sínú abo, ìdí nìyẹn tí a fi ń wo abo náà ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà tọ̀sán tòru. Ẹni tó sọ lálẹ́ pé ẹyin máa jáde kó tó di òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láàárọ̀ kó rí i bóyá òótọ́ lòun sọ. Ìdí tí residency fi ga ju ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lọ kò jù yìí lọ: ojú ẹni ń rí ìdáhùn sí ohun tí ẹnu ẹni sọ, lójoojúmọ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ibi tí ọmọ iṣẹ́ ti ń wo abo kan lónìí, tí ẹlòmíì ń wò ó lọ́la, tí wọn kì í sì í bára wọn sọ ọ́, ti sọ àǹfààní yẹn nù.

Ìbejì náà ń fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀. Ilé ọmọ ẹṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ gba méjì. Oyún méjì sábà máa ń bà jẹ́ ní àìpé, ó sì lè wu ìyá léwu. Ọjọ́ 14 sí 16 lẹ́yìn ìjáde ẹyin ló yẹ kí a fi sikáànù wò ó, torí pé ọlẹ̀ ṣì ń rìn kiri inú ilé ọmọ títí di nǹkan bí ọjọ́ 16, a sì lè fọwọ́ ya méjì náà sọ́tọ̀ ká tẹ ọ̀kan fọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dúró lójú kan náà, ó di ìṣòro. Ohun tó ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ níbẹ̀ ni kókó omi tí àwọn abo àgbà máa ń ní nínú ilé ọmọ, tó rí róbótó tó sì dúdú lójú sikáànù bí ọlẹ̀. Ọlẹ̀ máa ń rìn, ó sì máa ń dàgbà láàárín ọjọ́ kan. Kókó omi dúró sójú kan. Ẹni tó bá ti ya àwòrán kókó omi náà sínú ìwé abo kó tó di pé akọ gùn ún kò ní dààmú lọ́jọ́ 14. Bí ìbejì bá lọ láìsẹ́ni tó rí i títí ó fi kọjá bí ọjọ́ 36, endometrial cups, ìyẹn àwọn kókó kékeré tó ń hù nínú ilé ọmọ tó ń tú họ́mọ́ọ̀nù oyún jáde, ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí oyún bá sì bà jẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn, abo náà lè má wá akọ bó ṣe yẹ títí àsìkò á fi kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìfun tó ń ya. Kò sí ewu tó ń ba orúkọ dókítà jẹ́ bí èyí, ó sì lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá bó ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ẹ fi abo sínú àhámọ́ onírin, ẹ kó gbogbo ìgbẹ́ kúrò, ẹ má fi gẹ́ẹ̀lì ṣahun. Ìka máràrún gbọ́dọ̀ pa pọ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ bá a ti ń wọlé. Bí ìfun bá fún ọwọ́ yín, ẹ dúró tàbí kí ẹ fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bá a jà ló ń ya á. Bí abo kò bá gbà, abẹ́rẹ́ tó ń mú un tògbé wà, hyoscine tó ń mú ìfun rọ̀ náà wà, ọ̀la sì tún wà. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tútù lára ìbọ̀wọ́, tàbí tí ibi tó le lójijì wá rọ̀ gbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí. Ẹ sọ fún olówó ẹṣin lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú abo tògbé, ẹ mú ìfun rọ̀, kí ẹ sì rọra fi ìka wá bí ọgbẹ́ ṣe jìn tó: bóyá awọ inú nìkan ni, ìyẹn ìpele 1, tàbí ó ti là já sínú ikùn, ìyẹn ìpele 4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ògùn apakòkòrò. Bó bá jìn, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kó gbà lọ ní wákàtí yẹn gan-an. Ohun tó sábà máa ń pa ẹṣin náà ni wákàtí tí ẹni tó ya á fi ń retí pé bóyá kì í ṣe nǹkan kan. Ibi ìkọ́ṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń lẹ àwọn ìgbésẹ̀ yìí mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ àhámọ́. Bí ẹ bá dé ibì kan tí wọ́n ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sáwọn rí, ẹ fura.

Ní ti akọ ẹṣin, ìṣirò àti ìmọ́tótó ni ìdajì iṣẹ́. Omi inú ojú ara àtọwọ́dá tí a fi ń gba àtọ̀ sábà máa ń wà láàárín 45 sí 50°C, ohunkóhun tí àtọ̀ bá sì máa fara kàn gbọ́dọ̀ gbẹ, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní nǹkan bíi 37°C. Ẹ̀kán omi lásán tàbí ọṣẹ tí wọn kò ṣan tán lára ìgò ti tó láti pa ọmọ àtọ̀. Ẹ wo bí ìṣirò kan ṣe ń lọ. Akọ fúnni ní mílílítà 60 lẹ́yìn tí a ti sẹ́ gẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ kúrò, mílíọ̀nù 200 ọmọ àtọ̀ wà nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan: bílíọ̀nù 12 ni gbogbo rẹ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ń sáré lọ tààrà. Ẹ fi omi wàrà àti súgà tó ní ògùn apakòkòrò là á di mílílítà 240, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 50 nínú mílílítà kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, mílílítà 30 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù 1 ó lé díẹ̀ tó ń sáré sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ dé nǹkan bíi 5°C. Ìtutù òjijì máa ń ba awọ ara ọmọ àtọ̀ jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lè ṣe ìṣirò yìí lórí ìdúró kò tíì ṣe é tó.

Ibi tí residency wà tún ń sọ irú amọ̀ṣẹ́ tí ẹ máa dà. Ẹṣin Thoroughbred tí wọ́n fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún eré ìje gbọ́dọ̀ wá látinú gígùn gidi, òfin wọn kò gba àtọ̀ inú ìgò tàbí gbígbé ọlẹ̀ láti inú abo kan sí òmíràn. Láàárín wọn, ẹ máa mọ abo dáadáa, ẹ máa mọ ìwẹ̀nùmọ́ ilé ọmọ lẹ́yìn gígùn, ẹ máa mọ yíyẹ akọ àti abo wò nítorí Taylorella equigenitalis, kòkòrò tó fa ìdàrúdàpọ̀ ní Newmarket, ìlú ẹṣin eré ìje ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1977. Ṣùgbọ́n ẹ lè parí láì mọ bí a ṣe ń fọ ọlẹ̀ ọjọ́ 7 tàbí 8 jáde. Láàárín àwọn ẹṣin pólò, ẹṣin fífò àti Quarter Horse, òdìkejì rẹ̀ ni. Àsìkò náà tún wà níbẹ̀: January 1 ni ọjọ́ ìbí tí wọ́n ń kà fún gbogbo Thoroughbred ní ìdajì àríwá ayé, August 1 sì ni ní Ọsirélíà àti New Zealand ní ìdajì gúúsù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tan iná fún abo, kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ rẹ̀ lè tó wákàtí 16, fún nǹkan bí oṣù méjì kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ oṣù yìí wúlò fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí pé ó lè ṣe àsìkò kan ní àríwá, kó sì sọdá sí gúúsù láti ṣe òmíràn láàárín ọdún kan náà. A rọ ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á pé kó ṣe é.

Nípa yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fi ọmọ àtọ̀ kan ṣoṣo gún ẹyin kan, a kò rò pé ó yẹ kó jẹ́ òun ló máa fà yín lọ síbì kan. Ọdún 1996 ni wọ́n bí ọmọ ẹṣin àkọ́kọ́ látinú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní ICSI, ọdún 2003 ni wọ́n bí Prometea, ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n dà kọ látara sẹ́ẹ̀lì, ní Ítálì. Iṣẹ́ náà gbòòrò gan-an báyìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, fífa ẹyin látinú àpò ẹyin ni dókítà ń ṣe. Wọ́n lè fi ẹyin náà pa mọ́ di ọjọ́ kejì ní ìwọ̀n ooru yàrá, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò níbi tí àwọn onímọ̀ ọlẹ̀ ti ń ṣe ìyókù. Fífa ẹyin ni kí ẹ béèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kí ẹ ṣe.

Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ dára fún dókítà tó ń tọ́jú onírúurú ẹran, tó kàn fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi àtọ̀ tútù sínú abo tàbí bí a ṣe ń ka sikáànù oyún. Ó máa ń fúnni ní ìgboyà ju ìmọ̀ lọ, ẹni tó bá sì mọ èyí á lò ó dáadáa.

Ara ẹni náà wà lára ohun tí iṣẹ́ yìí ń gbà. Èjìká àti ìgúnpá máa ń dùn àwọn tó ń wo abo púpọ̀ lójúmọ́, nítorí náà ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa lo apá méjèèjì láti ọdún àkọ́kọ́. Prostaglandin, abẹ́rẹ́ tó ń mú abo tètè padà wá akọ, ń gba awọ ara wọlé. Aláboyún àti ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni altrenogest, ògùn tó ń dá wíwá akọ dúró, fún àwọn obìnrin. Ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ lásán da altrenogest sórí oúnjẹ ẹṣin kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ ti kọ́ṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ ní àárín gbùngbùn àsìkò. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé abo ti ọdún tó kọjá, kí ẹ ṣí ojú ewé èyíkéyìí. Ìwọ̀n àpò ẹyin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ àti wákàtí abẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ẹyin jáde, orúkọ ẹni tó wò ó, èsì ọjọ́ 14, èsì ọjọ́ 25 nígbà tí ọkàn ọlẹ̀ ti ń lù. Bí orúkọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ abo, tí orúkọ kan náà sì tẹ̀ lé abo kan dé èsì rẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Bí àyè èsì bá ṣófo lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé, ẹ máa wá ibòmíràn lọ.